Ìlẹ̀kùn Kóòtù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ní ọjọ́ kan, àwa mẹ́rin lọ jókòó ní kóòtù ní ìlú Jos yìí láti gbọ́ ẹjọ́. Kò pẹ́ tí akọ̀wé kóòtù fi ní kí gbogbo òǹwòran jáde. Inú bí wa, a sì ń kùn. Bí a ti dé ìta ni a rí ọmọdébìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń fà lọ́wọ́ wọlé láti wá jẹ́rìí. Ojú tì wá.

Ẹ̀ka 36 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní gbangba ni kí a ti máa gbọ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ó fún kóòtù láyè láti ti ìlẹ̀kùn nítorí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí nítorí ààbò ìlú.

Ọ̀rọ̀ ààbò ìlú yìí ni ó ń bà wá lẹ́rù. Ní Jos yìí kan náà, ní oṣù kejì ọdún 1998, wọ́n gbé Ọ̀gágun Ọládípọ̀ Díyà àti àwọn mìíràn wá síwájú ìgbìmọ̀ ológun, pé wọ́n fẹ́ dìtẹ̀ gbàjọba. Àwọn oníròyìn wà níbẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Díyà sì sọ pé pàkúté ni wọ́n dẹ fún òun. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ní oṣù kẹrin, wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ẹ̀yìn ikú Abacha ni wọ́n tó yí i padà.

Ìlẹ̀kùn kan bo ọmọdé láṣìírí, èkejì bo aláṣẹ. Bí wọ́n bá tún ní kí a jáde, a ó jáde, ṣùgbọ́n a ó béèrè: àṣírí ta ni ẹ ń bò?