Orí Bíbẹ́ Kọ́ Loògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni; oògùn rẹ̀ ló máa ń yọni lẹ́nu nígbà mìíràn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko ni wọ́n ní kó máa gbé hóró mì lójoojúmọ́, hóró náà wá ń fa ìnira tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ jù ú nù?

Bàbá onílé wa àtijọ́ jù ú nù. Amlodipine ni wọ́n ń lò. Ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bàtà ò gbà á mọ́. Wọn ò sọ fún dókítà, wọn ò sọ fún ìyàwó. Kò pé ọdún kan tí rọpárọsẹ̀ fi dá wọn jókòó. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń ṣìkẹ́ ò gbé wọn mọ́.

Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi náà wá ń wúkọ́ mọ́jú, tí wọ́n ní àwọn ò lo oògùn kankan mọ́, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ dìde, ọ̀dọ̀ dókítà yá!" Ohun tí dókítà kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wo lẹ ń lò, sà?" Lisinopril ni. Ó ní òun ló máa ń fa irú ikọ́ gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Losartan ò sábà fà á. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Kó tó pé oṣù kan, oorun padà sílé wa.

Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ bàbá onílé. Ó mi orí. Ó ní wọn ì bá ti dín amlodipine náà kù, tàbí kí wọ́n fi irú losartan kún un, ẹsẹ̀ ì bá fà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tí wọ́n ṣe fún àwa aláwọ̀ dúdú ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 6, Nàìjíríà wà níbẹ̀, fi hàn pé àpapọ̀ oògùn méjì tí amlodipine wà nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju èyí tí kò sí lọ. Ti hydrochlorothiazide tó ń múni tọ̀ léraléra ńkọ́? Ó ní àárọ̀ ni ká máa lò ó, ká lè rí oorun sùn.

Ẹ má gba oògùn aládùúgbò lò o! Aboyún ò gbọdọ̀ fẹnu kan lisinopril tàbí losartan. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá ń ni lára, kó wí. Dókítà ò lè rí inú bàtà wa. Oògùn ṣeé pààrọ̀. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.