Ta Ni Ká Kọ Sínú Àpótí "Propriétaire"?

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwòrán ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń yà jẹun: àpótí fún òṣìṣẹ́, àpótí fún iṣẹ́, ọfà láàárín wọn. ArchiMate jẹ́ ọ̀kan nínú èdè àwòrán bẹ́ẹ̀. Netherlands ni wọ́n ti ṣe é láàárín 2002 sí 2004. Ó ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ipò tó dì mú. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ "propriétaire" sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kan, akọ̀wé owó lè gbọ́ "ẹni tó ń sanwó rẹ̀", kí àwọn oníkọ̀ǹpútà gbọ́ "ẹni tí a ó pè bó bá bàjẹ́".

Ní Adakplamè, nílẹ̀ Kétu, ọ̀rọ̀ oko la fi rí irú rẹ̀. Òfin Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 2007 ṣètò plan foncier rural: wọ́n á wọn oko abúlé, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Code foncier ti 2013 wá mú "attestation de détention coutumière" wá. Détention ni wọ́n kọ, kì í ṣe propriété, ó sì dùn mọ́ wa nínú.

Yorùbá pàápàá ya méjì sọ́tọ̀. "Ó ní oko": oko wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Òun ló ni oko": tirẹ̀ ni. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ oní- ló pa ààlà náà rẹ́. Onímọ́tò lè jẹ́ ẹni tó rà á, ó lè jẹ́ dẹ́rẹ́bà. Aláṣọ lè jẹ́ ẹni tó ń tà á. Oníṣàngó ńkọ́? Ṣàngó ló ni ín! Bẹ́ẹ̀ náà ni -non ti èdè Fọ̀n rí: kò sẹ́ni tó gbọ́ vodunnon tó máa béèrè iye tó fẹ́ ta vodun rẹ̀.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ro oko ọkọ rẹ̀ olóògbé. Olóko ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bí akọ̀wé bá béèrè pé "Ta ni olóko?", orúkọ ìyá yìí ni wọn yóò dá. Bó bá ní "Ta ni onílẹ̀?", ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni. Àpótí kan náà ni akọ̀wé ń kún o, propriétaire sì ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá náà ni yóò jẹ ìyà ìyàtọ̀ yìí lọ́jọ́ iwájú.

Nítorí náà a pa ọ̀rọ̀-orúkọ tì, a fi ọ̀rọ̀-ìṣe béèrè. Ta ló ń ro ó? Ta ló lè fi yáni? Ta ló lè tà á? Ta ni wọ́n ń júbà fún kí wọ́n tó kọ ebè? Bàbá kan rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè kẹta, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ní í ta baba ẹ̀?" Ìbéèrè mẹ́rin náà mú orúkọ mẹ́ta wá fún oko kan ṣoṣo. Àpótí tó wà lórí ìwé, ẹyọ kan ni.