Kẹrosíìnì Aláàádọ́ta Náírà

Òórùn kẹrosíìnì kò ṣàjèjì sí wa. A mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ìdí láńtáànù ni a ti kàwé, orí sítóòfù olówùú sì ni ìyá wa ti ń dáná.

Ní ọdún 2013, náírà 50 ni iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà kan. A kò rí i rà ní iye bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A óò gbé jálá lọ sí ilé epo ní ìdájí, a óò to ìlà. Kí oòrùn tó ta, wọn a ní ó ti tán. Ẹ̀yìn ilé epo náà gan-an ni àwọn aláròóbọ̀ ti ń tà á ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí agbára kò ká a mọ́, ìyá wa padà sídìí igi ìdáná. Èéfín kò jẹ́ kí ojú wọn gbẹ. Wọ́n bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ilẹ̀ yìí kọ́ ni wọ́n ti ń wa epo ni?" A kò rí èsì fọ̀. Láti 1956 ni wọ́n kúkú ti rí epo ní Olóíbírì.

Ìgbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014 ni a gbọ́ èyí tó dùn wá jù. Sanusi Lamido Sanusi, tó jẹ́ gómìnà Bánkì Àpapọ̀ nígbà náà, wí fún àwọn aṣòfin pé láti 2009 ni Ààrẹ Yar'Adua ti pàṣẹ kí owó ìrànwọ́ lórí kẹrosíìnì dópin, síbẹ̀ iléeṣẹ́ NNPC ṣì ń yọ ọ́ nínú owó epo rọ̀bì. NNPC kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ní oṣù kejì ọdún náà, ìjọba ní kí Sanusi lọ rọ́kún nílé.

Àṣé orúkọ irú ìyá wa ni wọ́n fi ń kọ owó sílẹ̀ nínú ìwé, nígbà tí ìyá wa ń fẹ́ná nídìí ààrò!

Òfin tó gbé àjọ NEITI ró láti máa yẹ ìwé owó epo wò ti wà láti 2007, iṣẹ́ wọn sì wúlò. Ṣùgbọ́n ìwé wọn kò dé ibi tí a to ìlà sí. Bébà kan ṣoṣo ni àwa ì bá fẹ́ rí lára ògiri ilé epo: iye lítà tó wọlé lánàá, àti ẹni tó rà á.

Kò sí ìrànwọ́ lórí kẹrosíìnì mọ́ báyìí. Sítóòfù náà ti dípẹtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá wa. Wọn kò jẹ́ kí a gbé e dànù.