Ọ̀yà tí mo pè ní àgàn

Ojú ń tì mí láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n bó bá gba ẹnì kan lọ́wọ́ àdánù, ó tó mi.

Mo kó abo ọ̀yà kan pọ̀ mọ́ akọ. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo wo ikùn ẹ̀, pẹlẹbẹ ni. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí, n ò bá nǹkan kan. Mo ní, "Àgàn lèyí, ó kàn ń jẹ eèsún mi lásán ni." Oníbàárà kan tó fẹ́ fi ọ̀yà ṣe àlejò dé lọ́jọ́ náà, mo bá pa á fún un.

Ìgbà tí mo là á, ọwọ́ mi dúró. Ilé ọmọ ọ̀yà ní ẹ̀ka méjì. Lára ẹ̀ka méjèèjì, mo rí ibi mẹ́rin tó wú kóńkó bí ẹ̀pà. Oyún ni gbogbo wọn! Owó ọ̀yà kan ni mo gbà, márùn-ún ni mo sọ nù.

Mo gbé ilé ọmọ náà sínú abọ́, mo gbé e lọ bá dókítà ẹran kan. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà á rí ìfun inú ẹ̀. Ó rọra fi abẹ ṣí i, ó sì là mí lọ́yẹ̀.

Ó ní nínú ẹyin adìyẹ tó ń di ọmọ, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo pupa ẹyin bí àpò, ibẹ̀ ni òròmọdìyẹ ti ń jẹun. Ọ̀yà náà ní irú àpò yẹn, àmọ́ kò sí pupa nínú tiẹ̀. Lára ọ̀yà àti àwọn eku tó kù, ńṣe ni àpò yìí yí inú síta, bí aṣọ tí èèyàn yí kó tó sá a. Inú ẹ̀ tó ń fa oúnjẹ wá kọjú sí ara ìyá, ó ń mu omi tó ń sun nínú ilé ọmọ. Ohun tí ọmọ ń rí jẹ nìyẹn kí olóbì tó dúró dáadáa.

Olóbì ewúrẹ́ dà bí bọ́tìnì káàkiri, ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í kan awọ ọmọ. Ti ọ̀yà yàtọ̀: ojú kan ló wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ìyá sì ń ṣàn kan awọ ọmọ gan-an. Apá kan tún wà lábẹ́ ẹ̀ tó rì sínú ara ìyá bí gbòǹgbò. Gínípígì náà ní irú ẹ̀.

Oyún ọ̀yà ń lọ bí oṣù márùn-ún, ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ 150. Oṣù àkọ́kọ́, ilé ni wọ́n ń kọ́ nínú lọ́hùn-ún, ọmọ ò tíì tóbi. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló ń dàgbà, títí wọ́n á fi bí i pẹ̀lú irun lára àti ojú tó ti là. Ìdí nìyẹn tí ikùn fi tàn mí jẹ.

Látìgbà náà, báyìí ni mò ń ṣe:

1. Mò ń kọ ọjọ́ tí mo kó akọ àti abo pọ̀ sílẹ̀.
2. N kì í fọwọ́ tẹ ikùn mọ́, n kì í sì í gbé abo kiri láti kéèjì dé kéèjì.
3. Lẹ́yìn oṣù kan, mo máa ń pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó rọra fi òwú mímọ́ yẹ ojú ara ẹ̀ wò. Bí òwú bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ṣeé ṣe kó ti lóyún.
4. Bí òwú ò bá pọ́n, mo ṣì máa ń dúró di oṣù kẹta kí n tó pe ẹran kankan ní àgàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú pa abo yín. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ kọ́gbọ́n. Oko yín á gbè yín o.