Ohun Tí Ìwé-Ẹ̀rí Náà Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí Criminal Justice, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ọlọ́pàá, ilé-ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n, nílùú Chicago, ibi tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ lọ béèrè, kó tó yọjú sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn, òun ni kò sì jẹ́ kí n wọ gbèsè. Síbẹ̀, ó ná mi ní ohun púpọ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe lóru nígbà náà. Iṣẹ́ probation officer lọkàn mi ń fà sí, kí n máa mójú tó àwọn ọmọ tí kò tíì tójú bọ́ tí ọlọ́pàá mú. Chicago yìí kan náà ni wọ́n ti dá ilé-ẹjọ́ àwọn ọmọdé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1899, kí ọmọdé má baà máa jókòó sẹ́wọ̀n pẹ̀lú àgbà ọ̀daràn.

Mo pe ọ́fíìsì àwọn probation officer. Obìnrin tó gbé fóònù ní dìgírì ni Illinois ń béèrè, pé ìwé-ẹ̀rí kékeré kò lè gbé mi débẹ̀. Wọ́dà ńkọ́? Ìwé-ẹ̀rí girama ti tó. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ẹni tí wọ́n bá gbà, tí yóò sì máa gbowó bó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ. Iṣẹ́ sẹkúríítì kò ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 20 àti káàdì ìjọba lọ. Ọlọ́pàá náà ní akádẹ́mì tirẹ̀. Nínú gbogbo wọn, n kò rí ọ̀kan tí ìwé-ẹ̀rí yẹn nìkan lè mú ènìyàn wọ̀.

Lásìkò náà, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ń pè mí lápètúnpè pé àyè ti fẹ́ kún. Bí mo bá ti béèrè bóyá yunifásítì máa ka ẹ̀kọ́ tí mo bá kọ́ lọ́dọ̀ wọn (credit) sí, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ síbòmíràn. Mo sì ti ka ọ̀rọ̀ Westwood College, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni mìíràn. Lọ́dún 2012, Lisa Madigan, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Illinois, pe ilé-ẹ̀kọ́ náà lẹ́jọ́ lórí ẹ̀kọ́ Criminal Justice yìí gan-an. Owó dìgírì wọn lé ní $70,000, bẹ́ẹ̀ irú ẹ̀kọ́ kan náà ní College of DuPage, tó jẹ́ ti ìjọba, kò tó $13,000. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ gbà pé àwọn máa di ọlọ́pàá, nígbà tí ọlọ́pàá Chicago àti ti ìpínlẹ̀ kò ka irú ìfọwọ́sí tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní sí. Ní 2015, wọ́n gbà láti fagi lé gbèsè tó tó mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kógbá sílé. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, tó ti wọ gbèsè tí bàbá rẹ̀ kò jẹ rí!

Nítorí pé dìgírì ni mo nílò, community college, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, ni mo gbà lọ, kí ìwé-ẹ̀rí náà lè jẹ́ àtẹ̀gùn sí i. Nítorí pé mo ní green card, mo rí Pell Grant gbà, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí a kì í san padà; èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́dún jẹ́ $7,395. Kí n tó forúkọ sílẹ̀, mo gba ìwé lọ́wọ́ yunifásítì kan pé wọ́n á ka iṣẹ́ tí mo bá ṣe ní community college náà mọ́ dìgírì mi.

Pell san owó ilé-ẹ̀kọ́. Èmi ni mo san ìyókù. Mo fi iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ sílẹ̀, owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí Màámi ní Ìkìrun sì dín kù. Wọn kò ráhùn sí mi létí rárá. Àbúrò mi ló tú u fó pé wọ́n ti ń ta aṣọ òkè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́.

Olùkọ́ wa máa ń rán wa lọ jókòó nílé-ẹjọ́ ọ̀daràn tó wà níbi tí òpópónà 26th àti òpópónà California ti pàdé ní Chicago. Ẹjọ́ ènìyàn kan lè máà gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, wọ́n á ti pe ẹlòmíràn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, màmá kan tó ró ìró gbọ́ tí mò ń sọ Yorùbá lórí fóònù, ló bá sún mọ́ mi. “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, lọ́yà tí wọ́n fún ọmọkùnrin mi yìí, ìjọba ló ń sanwó fún un. Ìjọba náà ló pe ọmọ mi lẹ́jọ́. Ṣé kò ní tà wá?”

Mo ní, “Ẹ má fòyà, mà.” Mo ṣàlàyé pé láti 1963 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn, tí kò lówó lọ́yà, ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè ọ̀kan fún un, pé lọ́yà náà kò gbọdọ̀ tú àṣírí ọmọ wọn fún ẹnikẹ́ni, pé kí ọmọ náà sọ òótọ́ fún lọ́yà náà nìkan, kó má sì bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà, títí kan lórí fóònù ẹ̀wọ̀n, torí wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Lójú tèmi, owó ìwé-ẹ̀rí náà pé lọ́jọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́bọ̀ kan kò kún owó iṣẹ́ mi nígbà tí mo gbà á.

Yunifásítì mú ìlérí ṣẹ, mo ti wà nídìí dìgírì náà báyìí. Nígbà tí ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òun fẹ́ yáwó gba ìwé-ẹ̀rí yìí kóun lè di wọ́dà, mo ní kó má yáwó kankan, kó lọ kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò wọ́dà tààrà. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ́dà náà ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́ báyìí, wọ́n sì ń sanwó fún un.