Ta gan-an ni CORS ń dáàbò bò?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ JavaScript, ẹ gbọ́ ná.

Tí bùráúsà bá ní CORS kò gbà, ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ìbéèrè wa kò dé sáfà rárá.
Ó lè ti dé o!
Tó bá jẹ́ POST lásán bíi ti fọ́ọ̀mù, sáfà lè ti gbà á, kó sì ti ṣiṣẹ́ lé e lórí.
Èsì rẹ̀ ni bùráúsà kò jẹ́ kí kóòdù wa kà.
(Ti PUT àti DELETE yàtọ̀: OPTIONS ni bùráúsà kọ́kọ́ fi ń tọrọ àyè.)

Ẹ wá wo credentials: "include".
Tí cookie bá ti bá ìbéèrè rìn, àmì * nínú Access-Control-Allow-Origin kò wúlò mọ́. Sáfà gbọ́dọ̀ dárúkọ ìkànnì tó fọwọ́ sí.
Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an. Cookie báǹkì ẹni ẹlẹ́ni ló wà nínú bùráúsà yẹn!

Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tó ń da Origin yòówù tó bá dé padà bó ṣe wá, kí wàhálà ṣáà lè tán.
Wọ́n ti ṣí sáfà wọn sílẹ̀ gbayawu nìyẹn.

Níbi iṣẹ́ tiyín ńkọ́, ta ló ń pinnu ìkànnì tí sáfà yín máa gbà láàyè?