Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Ojú lọ̀rọ̀ wà." Bí ènìyàn bá ní ọ̀rọ̀ pàtàkì láti bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ, kì í dúró lẹ́yìn ògiri kí ó máa ké e, yóò lọ jókòó níwájú rẹ̀, kí ó lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ̀ ọ́ lára. Èmi tí mò ń kọ èyí, olùkọ́ ìtàn ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, n kò sì tíì fi ojú kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mò ń kọ́ rí, nítorí pé orí ẹ̀rọ ayélujára ni a ti ń pàdé. Nítorí náà ni òwe yìí ṣe ń bi mí léèrè lójoojúmọ́ pé: bí ó bá jẹ́ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, kí ni ó kù fún olùkọ́ tí kò rí ojú?

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí a ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ kọ́kọ́ bá ara wọn nínú iṣẹ́ yìí. Àrùn náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a lọ. Títí di òní, bí mo bá ṣí kíláàsì lórí Zoom, àwọn àpótí kéékèèké dúdú ni mò ń rí. Orúkọ wà lára olúkúlùkù wọn, ṣùgbọ́n kò sí ojú níbẹ̀. Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ a máa bínú sí èyí, wọn a sì ní kí a fi òfin mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti fi ojú wọn hàn. Èmi kò bá wọn pa ìmọ̀ pọ̀. Àwòrán a máa jẹ dátà ju ohùn lọ púpọ̀púpọ̀, owó ni a sì fi ń ra dátà. Ọ̀kan ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀; òmíràn wà nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin ń sùn; iná mànàmáná ti lọ ní ilé ẹnìkẹta láti àná. Ta ni nínú wa tí yóò fẹ́ kí ọgọ́ta ènìyàn máa wo inú yàrá rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé kíkọ́ni láti òkèèrè kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1840, nígbà tí owó lẹ́tà di kọ́bọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́tà kọ́ àwọn ènìyàn ní ìkọ̀wé kíákíá tí a ń pè ní ṣọ́táǹdì. Yóò fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe é, yóò dá a padà, olùkọ́ yóò sì tọ́ka sí àṣìṣe inú rẹ̀. Ní ọdún 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá jókòó síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà tí ó fi gba oyè nínú ìmọ̀ òwò ní ọdún 1944. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa pàápàá, àrokò ni àwọn baba wa fi ń bá ẹni tí ó jìnnà sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń wí pé ọkàn òun fà sí ẹni náà. Bí ẹni náà bá sì fi ẹyọ mẹ́jọ dá a lóhùn, ó ń wí pé èrò àwọn méjèèjì jọ. Ẹ kíyè sí i pé ẹyọ mẹ́fà nìkan kò parí ọ̀rọ̀. Mẹ́jọ tí ó padà wá ni ó parí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo rí ìdáhùn sí ìbéèrè mi. Yorùbá kì í pe ẹyinjú nìkan ní ojú. Nígbà tí ìyá bá wí fún ọmọ rẹ̀ tí ó ń lọ sí ìdálẹ̀ pé, "Ojú mi ń bẹ lára rẹ," ó mọ̀ pé òun kò ní máa rí i. Ohun tí ó ń wí ni pé òun kò ní gbàgbé rẹ̀. Irú ojú bẹ́ẹ̀ lè gba orí ẹ̀rọ kọjá, bí olùkọ́ bá fẹ́.

Nítorí náà, mo a máa kọ́ láti pe orúkọ olúkúlùkù pẹ̀lú ohùn tí ó yẹ ẹ́, kí Adé má ba à gbọ́ orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé àlejò ni ó ń pè é. Bí wọ́n bá kọ àròkọ wá, mo a máa fi ohùn mi ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú méjì péré: mo pe orúkọ, mo sọ ohun tí ó dára, mo sọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó. Mo a sì máa ní kí olúkúlùkù bi àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ̀ léèrè bí àdúgbò náà ti ṣe gba orúkọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọ̀kan yóò sọ ti Ṣakí, òmíràn yóò sọ ti Ìkòròdú, òmíràn ti Ilé-Olújì, àríyànjiyàn yóò sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò tíì la ẹnu rí. Bí wọ́n ti tú ká sí onírúurú ìlú, tí àwa ń kà sí ìyọnu, ni ó di ọrọ̀ kíláàsì náà.

Ọmọbìnrin kan wà tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta. Mo pè é lórí fóònù. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé n kò sí níbẹ̀." Fóònù rẹ̀ ni ó bàjẹ́, ti ìyá rẹ̀ ni ó ń yá lò, ní alẹ́ nìkan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba ohùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún un kí ó lè máa gbọ́ ọ ní òru. Kò gba ipò kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mélòó ni ó ti lọ báyìí tí ẹnikẹ́ni kò pè?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ yìí pọ̀ jù. Òtítọ́ ni, bí a bá kó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́ lé olùkọ́ kan lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀rọ kò ní bẹ́ǹṣì tí ó lè kún. Ẹ̀rọ lè gbé ohùn ẹnìkan dé etí ẹgbàárùn-ún ènìyàn, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò ka ohun tí ẹgbàárùn-ún náà kọ, tí yóò sì dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àkóso ilé ẹ̀kọ́, bí ẹ bá ń ṣírò ohun tí ẹ̀rọ yìí yóò dín kù nínú ìnáwó, ẹ má ṣe yọ owó ẹni tí ń dáhùn kúrò. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí ẹ tó pa ẹ̀rọ yín ní alẹ́ òní, ẹ wo ìwé orúkọ yín, kí ẹ sì pe ẹni tí ó ti dákẹ́ jù.